Òjò Ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: Ìtàn Bó Ṣe Ń Rọ̀ àti Bó Ṣe Ń Dá

Ìtàn òjò ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fọ́n káàkiri. Apá kan wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn pápákọ̀ òfuurufú, apá kan wà nínú ìwé ìtàn tí àwọn àáfáà Timbuktu fi èdè Lárúbáwá kọ, apá kan wà nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún, èyí tó kù sì wà lẹ́nu àwọn àgbẹ̀. Wọn kì í sì í fẹnu kò. Ìwé kan á ní láti ayébáyé ni òjò ti ń dín kù, pé aṣálẹ̀ ń bọ̀ wá bo gbogbo wa mọ́lẹ̀. Òmíràn á ní bó ṣe wà látijọ́ náà ló wà. Ẹ̀kẹta á di ẹ̀bi ru darandaran àti àgbẹ̀. Mo fẹ́ tò wọ́n pọ̀ síbí, kí n sọ èyí tí ẹ̀rí gbè lẹ́yìn, kí n sì sọ èyí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, nítorí ìtàn òjò tí kò tọ́ ni àwọn aláṣẹ ti fi dá àwọn èèyàn wa lẹ́bi láìmọye ìgbà.

Ibi tí òjò ti ń wá

Afẹ́fẹ́ méjì ló ń du ilẹ̀ yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Èkíní ń ti orí òkun Àtìláńtíìkì fẹ́ wọlé láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ó tutù, ó sì ru omi. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ láti àríwá ìlà-oòrùn. Ó gbẹ, ó kún fún eruku, òun la sì ń pè ní ọyẹ́. Ojú ibi tí wọ́n ti pàdé kì í dúró lójú kan, oòrùn ló ń tẹ̀ lé. Ní oṣù kìíní ọdún, ìtòsí etíkun ló máa ń wà. Nígbà tó bá fi di oṣù kẹjọ, ó ti gòkè kọjá Agadez, ó ti dé nǹkan bí ìwọ̀n 20 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Ìdí nìyẹn tí Èkó fi ń rí òjò fún oṣù mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, tí Kano ń rí i fún bí oṣù mẹ́rin sí márùn-ún, tí ti Agadez kò sì ju oṣù méjì tàbí mẹ́ta lọ.

Edmond Halley tẹ àwòrán afẹ́fẹ́ orí òkun ayé jáde ní ọdún 1686, George Hadley sì ṣàlàyé ní ọdún 1735 bí yíyí tí ayé ń yí ṣe ń tẹ afẹ́fẹ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ wọn bá òkun mu, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Áfíríkà ní àdììtú tirẹ̀. Àwọn ìwé tí ọ̀pọ̀ wa lò nílé ẹ̀kọ́ gírámà kọ́ wa pé ibi tí afẹ́fẹ́ méjèèjì ti pàdé gan-an ni òjò ti ń rọ̀ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1945, R. A. Hamilton àti J. W. Archbold tẹ iṣẹ́ ìwádìí kan jáde lórí ojú ọjọ́ Nàìjíríà àti àyíká rẹ̀. Wọ́n fi hàn pé nítòsí ojú ìpàdé náà, afẹ́fẹ́ òkun kò nípọn: afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ gùn ún lórí, kò sì jẹ́ kí ìkúùkù ráyè ga. Bí èèyàn bá ti ń bọ̀ wá sí gúúsù ni afẹ́fẹ́ òkun ń nípọn sí i, ibẹ̀ ni ìkúùkù ti ń ga tí òjò fi ń rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún kìlómítà ló máa ń wà láàárín ojú ìpàdé afẹ́fẹ́ àti ibi tí òjò ti pọ̀ jù.

Àwọn méjèèjì ló tún ṣàlàyé òjò oníjì, èyí tó máa ń ṣú dẹ̀dẹ̀ ní ìlà-oòrùn, tí ìjì á kọ́kọ́ jà, tí eruku á sọ, kí ọ̀wààrà tó dé. Àgbẹ̀ tó ti ń wo ìlà-oòrùn kó tó sá kúrò lóko mọ ohun tó ń ṣe. Irú òjò bẹ́ẹ̀ ló ń mú èyí tó pọ̀ jù wá nínú omi tí ilẹ̀ Sahel, ìyẹn ilẹ̀ tó wà ní etí gúúsù Sàhárà, ń rí lọ́dún. Ní ọdún 2009, Sharon Nicholson, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí òjò Áfíríkà, tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ó ní afẹ́fẹ́ tó ń sáré lókè réré láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn ló ń darí òjò ju ojú ìpàdé tó wà nílẹ̀ lọ. Tiwọn ni mo fara mọ́, ó sì yẹ kí àwọn tó ń kọ ìwé fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gbàgbé ti àtijọ́.

Ibi tó pọ̀ àti ibi tó kéré

Ní Debundscha, lẹ́sẹ̀ òkè Kamẹrúùnù, nǹkan bí 10,000 mìlímítà òjò ló ń rọ̀ lọ́dún kan. Ti Conakry súnmọ́ 4,000, ti Calabar súnmọ́ 3,000. Ti Èkó lé ní 1,500, ti Ìbàdàn wà ní àyíká 1,250. Kano ń rí bíi 850, Maiduguri bíi 600. Bí èèyàn bá wo èyí nìkan, á rò pé bá a bá ṣe jìnnà sí òkun ni òjò ń dín kù. Ṣùgbọ́n Accra tó wà létí òkun gan-an kò rí tó Kano. Ti rẹ̀ kò ju nǹkan bí 750 sí 800 mìlímítà lọ.

Láti Accra, gba ìsàlẹ̀ Tógò kọjá, títí dé gúúsù orílẹ̀-èdè Benin, igbó kìjikìji já. Pápá ọ̀dàn ló sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé òkun, ó sì ya igbó Ghana sọ́tọ̀ kúrò lára ti Nàìjíríà. Glenn Trewartha kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1961 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ojú ọjọ́ wọn ta ko òfin. Ìdí rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Bí etíkun ibẹ̀ ṣe tẹ̀ ni kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ òkun kọlu ilẹ̀ tààrà. Ńṣe ló ń fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án pẹ̀lú, omi tútù máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun ní ìhà Ghana, afẹ́fẹ́ tó bá sì gba orí omi tútù kọjá kì í fẹ́ gòkè di òjò.

Àwọn kan ti jiyàn pé àgbẹ̀ ló gé igbó ibẹ̀ tán. Ẹrẹ̀ adágún Sélé ní gúúsù Benin ló parí ìjà yẹn. Ulrich Salzmann àti Philipp Hoelzmann yẹ ìyẹ̀fun òdòdó tó ti rì sínú ẹrẹ̀ náà wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2005: igbó wà níbẹ̀ rí, nǹkan bí ọdún 4,500 sẹ́yìn ló wá fọ́ lójijì nítorí pé òjò dín kù. Ọwọ́ èèyàn lè ti dá kún un lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n òjò ló kọ́kọ́ lọ.

Kò yẹ kí ọmọ Yorùbá ka ìyẹn sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà ní ẹ̀bá ilẹ̀ ọ̀dàn yìí. Ẹṣin kì í pẹ́ nínú igbó, nítorí eṣinṣin tó ń gbé àrùn oorun ká ń pa á. Ọ̀nà ọ̀dàn yìí ni àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ gbà sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Dahomey jà ní àwọn ọdún 1720, ọ̀nà kan náà ni òwò Ọ̀yọ́ sì gbà dé Àjàṣẹ́ nítòsí òkun. Òjò tó kéré níbẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí ìjọba tó fi ẹṣin jagun lè nawọ́ kan òkun.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó wà láàárín òjò

Ní ilẹ̀ Yorùbá àti gbogbo ìhà gúúsù dé Ghana, òjò máa ń ga lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: ní oṣù kẹfà sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, àti ní oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá. Ó máa ń fà sẹ́yìn láàárín ìgbà méjèèjì, láti bí ìparí oṣù keje títí di ọwọ́ ìparí oṣù kẹjọ. Ojú ọ̀run á ṣú bàìbàì, òtútù á mú, òjò wínníwínní lè máa ta sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀wààrà kò ní sí. Àwọn ará ìlú ń pè é ní ọ́gọ́ọ̀sì bìréèkì. Orí ìsinmi yìí ni àgbẹ̀ gbé kàlẹ́ńdà rẹ̀ lé. Inú rẹ̀ ló ti ń ká àgbàdo òjò àkọ́rọ̀ tó sì ń sá a, inú rẹ̀ ló ti ń tún ilẹ̀ ṣe fún àgbàdo àti ẹ̀wà òjò àrọ̀kúrò. Àgbẹ̀ kòkó náà ń retí rẹ̀, nítorí òjò tí kò bá dá ni kòkó fi ń dúdú, tó fi ń jẹrà lórí igi.

A. W. Ireland kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1962. Oyediran Ojo ti Yunifásítì Èkó kọ ìwé lórí ojú ọjọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1977, Derek Hayward àti Julius Oguntoyinbo sì kọ tiwọn ní ọdún 1987. Ẹnu wọn kò ṣọ̀kan lórí ohun tó ń fà á. Èyí tí mo rí i pé ó dúró jù ni pé nǹkan méjì ló pàdé: ìgbànú òjò ti rìn lọ sí àríwá, omi òkun tó wà níwájú Ghana sì ti tutù débi pé afẹ́fẹ́ tó ń wọlé kò lágbára láti ru sókè. Ìdí nìyẹn tí ìsinmi náà fi le jù ní ìwọ̀-oòrùn, tó sì ń pòórá bá a ti ń lọ sí ìhà Calabar. J. A. Adejuwon àti T. O. Odekunle tún fi hàn ní ọdún 2006 pé bó ṣe ń le sí i àti bó ṣe ń pẹ́ tó ń yàtọ̀ láti ọdún dé ọdún.

Ìyàtọ̀ ọdún sí ọdún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nǹkan bí 270 mìlímítà òjò rọ̀ sí Ìbàdàn láàárín ìdajì ọjọ́, ìyẹn ju ìdá kan nínú márùn-ún òjò ọdún kan lọ. Odò Ògùnpa ya wọ ìgboro, ó pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ó gbé mọ́tò àti ilé lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, nǹkan bí 187 mìlímítà tún rọ̀ láàárín bí wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ní ìlú kan náà. Afárá wó, ẹ̀mí tó ju ọgọ́rùn-ún lọ tún ṣòfò. Ìgbà méjèèjì, ìparí oṣù kẹjọ ni, nígbà tí kàlẹ́ńdà sọ pé òjò ṣì ń sinmi. Ẹni tó bá ń kọ́ afárá tàbí tó ń gbẹ́ gọ́tà ní Ìbàdàn tó wá fi oṣù kẹjọ ṣe oṣù ìfọ̀kànbalẹ̀, kò ka ìtàn ìlú náà.

Ìgbà tí koríko hù ní Sàhárà

Láàárín nǹkan bí ọdún 11,000 sí 5,000 sẹ́yìn, aṣálẹ̀ Sàhárà kì í ṣe aṣálẹ̀. Koríko wà níbẹ̀, odò ń ṣàn, màlúù ń jẹ̀, àwọn èèyàn sì ya àwòrán erinmi àti màlúù sára àpáta Tassili. Adágún Chad fẹ̀ ju 300,000 kìlómítà níbùú lóròó lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ Nàìjíríà òde òní tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1987, darandaran kan tó ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, tó wà ní ìpínlẹ̀ Yobe lónìí, kan ọkọ̀ ojú omi nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ọkọ̀ náà ti tó nǹkan bí ọdún 8,000. Ìgbà tí omi wà ni èèyàn ń gbẹ́ ọkọ̀.

Ohun tó fa òjò yẹn ni ìrìn ayé fúnra rẹ̀. John Kutzbach ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1981 pé nígbà náà, inú oṣù tí oòrùn ń ràn tààrà sí àríwá ni ayé máa ń súnmọ́ oòrùn jù. Lónìí, oṣù kìíní ni ayé ń súnmọ́ ọn jù. Ilẹ̀ àríwá Áfíríkà gbóná ju ti ìsinsìnyí lọ ní ìgbà òjò, ilẹ̀ gbígbóná sì ń fa afẹ́fẹ́ òkun wọlé jìnnà. Kò sẹ́ni tó tún ń jiyàn nípa èyí.

Ibi tí ìjà wà ni bó ṣe parí. Peter deMenocal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbẹ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun níwájú Mauritania. Wọ́n sọ ní ọdún 2000 pé eruku fò sókè lójijì ní nǹkan bí ọdún 5,500 sẹ́yìn, pé bí ẹni pa iná ni òjò ṣe dá. Stefan Kröpelin àti àwọn tiẹ̀ gbẹ́ adágún Yoa ní àríwá Chad. Wọ́n sọ ní ọdún 2008 pé díẹ̀díẹ̀ ni, fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní ọdún 2015, Timothy Shanahan kó ẹ̀rí ọ̀pọ̀ adágún pọ̀, ó sì fi hàn pé àríwá ló kọ́kọ́ gbẹ, gúúsù ló gbẹ kẹ́yìn, bí ìgbànú òjò ṣe ń fà sẹ́yìn. Èyí ni mo gbà. Eruku tó fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà ń sọ fún wa nípa ibi tí koríko ti tán, kò sọ pé òjò gbogbo ilẹ̀ náà dá lọ́jọ́ kan.

Láti ìgbà yẹn wá di nǹkan bí ọdún 3,000 sẹ́yìn, ilẹ̀ ń gbẹ, àwọn èèyàn sì ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí gúúsù.

Adágún Bosumtwi àti ìwé àwọn àáfáà

Ní ilẹ̀ Àṣáńtì ni adágún Bosumtwi wà. Òkúta tó já bọ́ láti ojú ọ̀run ló gbẹ́ kòtò rẹ̀ ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún kan sẹ́yìn. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ tò ní ìpele ìpele, ọdún dé ọdún. Shanahan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka ìpele náà sẹ́yìn fún nǹkan bí ọdún 3,000, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2009. Wọ́n rí i pé ọ̀dá tó ń pẹ́ tó ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í ṣe àjèjì síbí. Wọ́n tún rí èyí tó gùn ju ìyẹn lọ, tó bẹ̀rẹ̀ ní àyíká ọdún 1400 tí kò sì tán títí di àyíká ọdún 1750. Àwọn igi tó hù nígbà tí omi fà sẹ́yìn ṣì dúró ní gbígbẹ nínú adágún náà dòní. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn, ọ̀dá àwọn ọdún 1970 tí gbogbo ayé kígbe lé lórí kéré. Àárín ọdún 1400 sí 1750 yẹn náà ni Ọ̀yọ́ gbilẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tó ń kọ ìtàn Ọ̀yọ́ fi ẹrẹ̀ Bosumtwi sọ́kàn, kó má sì tìtorí ìyẹn sọ pé òjò ló ṣe gbogbo nǹkan.

Ní ọdún 1976, Nicholson parí ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Wisconsin. Ó kó ìwé ìtàn àwọn àáfáà Timbuktu àti Bornu, ìwé àwọn arìnrìn-àjò, àti ìtàn gíga adágún àti odò pọ̀. Ó rí ọ̀dá líle kan tó mú ìhà Timbuktu láàárín nǹkan bí ọdún 1738 sí 1756, ó sì rí òmíràn tó bo ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ní àwọn ọdún 1820 àti 1830. Òjò padà pọ̀ ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún náà. Ìgbà náà gan-an ni àwọn aláwọ̀ funfun ń pín ilẹ̀ wa láàárín ara wọn, ohun tí wọ́n bá lójú ọ̀run ni wọ́n sì kà sí ìwà ilẹ̀ náà.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan àgbẹ̀

Ní ọdún 1913, òjò kò rọ̀ tó ní Sahel. Ìyàn tó tẹ̀ lé e ní ọdún 1914 le débi pé àwọn ará Kano fún un lórúkọ, Kakalaba. Láti ìgbà náà ni àwọn òyìnbó aláṣẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé Sàhárà ń rìn bọ̀. Ẹni tó sọ ọ́ tó ràn jù ni E. P. Stebbing, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa igbó ní Edinburgh, tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Íńdíà. Ó gba ilẹ̀ àríwá Nàìjíríà àti Niger kọjá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó rí yanrìn àti igi tó wọ́wé, ó sì kọ ọ́ ní ọdún 1935 pé aṣálẹ̀ ń jẹ ilẹ̀ lọ, pé iná oko àti ẹran ọ̀sìn ló ń ṣe é.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé yan ìgbìmọ̀ àjùmọ̀ṣe kan tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún 1936 sí 1937. Ìgbìmọ̀ náà kò rí ẹ̀rí pé Sàhárà ń rìn. Brynmor Jones, tó wà nínú ìgbìmọ̀ náà, kọ ọ́ síta ní ọdún 1938. Àwọn tó kọ ilé sórí ilẹ̀ yẹn, tí wọ́n mọ bí koríko ṣe ń hù padà ní oṣù kẹfà, ì bá ti sọ fún Stebbing lọ́fẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló pẹ́ lẹ́nu ìjọba ju ti ìgbìmọ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ọdún 1950 dé, àwọn ló sì ṣi gbogbo ayé lọ́nà jù. Òjò Sahel pọ̀ nígbà náà ju ti àwọn ọdún tó yí i ká lọ. Ọdún 1931 sí 1960 ni àjọ ojú ọjọ́ àgbáyé fi ṣe òdiwọ̀n ohun tó yẹ kí òjò jẹ́. Àwọn àgbẹ̀ gbé oko lọ sí àríwá, ìjọba Faransé gbẹ́ kànga fún màlúù sí ibi tí màlúù kì í pẹ́ sí tẹ́lẹ̀, òkìtì àpò ẹ̀pà sì ga ní Kano bí òkè. Orí ọdún rere ni wọ́n gbé ètò kalẹ̀ lé, wọ́n sì pe ọdún rere ní ọdún gidi.

Ọ̀dá ńlá

Láti ọdún 1968 ni òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùnà. Ọdún 1972 àti 1973 burú, ọdún 1983 àti 1984 sì tún burú jù wọ́n lọ. Lápapọ̀, òjò Sahel dín ní ìdá ogún sí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún sí ti òdiwọ̀n ìṣáájú. Wọ́n fojú bu ẹ̀mí tó ṣòfò ní ìpele àkọ́kọ́ sí nǹkan bí 100,000, ẹran ọ̀sìn tó kú kò ṣeé kà. Adágún Chad, tó fẹ̀ tó nǹkan bí 25,000 kìlómítà níbùú lóròó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, kò tó 2,500 mọ́ láàárín àwọn ọdún 1980. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Sahel dá CILSS, àjọ tó ń gbógun ti ọ̀dá, sílẹ̀ ní Ouagadougou. Ní oṣù kẹrin ọdún 1974, àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ Hamani Diori ní Niger, ẹ̀sùn pé ìjọba rẹ̀ jẹ oúnjẹ ìrànwọ́ sì wà lára ohun tí àwọn ológun náà sọ.

Kí ló fà á? Ní ọdún 1975, Jule Charney, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ tó lórúkọ jù láyé, fún wa ní ìdáhùn kan. Ó ní bí màlúù bá jẹ koríko tán, ilẹ̀ á funfun, á máa da ìtànṣán oòrùn padà sójú ọ̀run dípò kó gbà á. Afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ á tutù, á máa sọ̀ kalẹ̀, ìkúùkù kò sì ní dìde. Ọ̀rọ̀ náà dùn gbọ́, ìjọba sì fẹ́ràn rẹ̀. Darandaran tí ọ̀dá pa màlúù rẹ̀ tán ni wọ́n wá ń tọ́ka sí pé òun ló fa ọ̀dá.

Mo ti wo ọ̀rọ̀ Charney tinútòde, mi ò fẹ́ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìṣirò rẹ̀ nípa ìtànṣán kì í ṣe irọ́. Ilẹ̀ tó bá ti gbẹ máa ń mú kí ọ̀dá pẹ́ sí i, àwọn tó ṣe ìwádìí lẹ́yìn rẹ̀ sì fìdí ìyẹn múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀dá la ń wá. Peter Lamb ti rí i ní ọdún 1978 pé ní ọdún tí Sahel bá gbẹ, ooru ojú òkun Àtìláńtíìkì máa ń yí padà lọ́nà kan náà. Ní ọdún 1986, Chris Folland, Tim Palmer àti David Parker fi hàn pé kì í ṣe Àtìláńtíìkì nìkan, gbogbo òkun ayé ló lọ́wọ́ sí i: bí òkun gúúsù àti òkun Íńdíà bá gbóná ju ti àríwá lọ, ìgbànú òjò kì í gòkè dé ibi tó yẹ. Compton Tucker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo àwòrán sátẹ́láìtì láti ọdún 1980 sí 1990, wọ́n sì rí i pé etí Sàhárà ń lọ ó ń bọ̀ pẹ̀lú òjò. Lọ́dún tí òjò bá pọ̀, koríko padà. Ká ní màlúù ló fa gbogbo rẹ̀ ni, kò yẹ kó padà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2003, Alessandra Giannini, R. Saravanan àti Ping Chang fún kọ̀ǹpútà ní ooru ojú òkun nìkan, wọn kò fi àgbẹ̀ tàbí darandaran kankan sí i, kọ̀ǹpútà náà sì mú ọ̀dá ọdún 1970 àti 1980 jáde.

Ó ṣì ku ohun tó mú òkun àríwá tutù. Ẹ̀rí ń pọ̀ sí i pé èéfín ilé iṣẹ́ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà wà lára rẹ̀, nítorí imí-ọjọ́ inú èéfín náà ń dí oòrùn lójú lórí òkun Àtìláńtíìkì ti àríwá. Leon Rotstayn àti Ulrike Lohmann sọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2002. Bí òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ṣe ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́hùn-ún, òkun náà ń gbóná padà, òjò sì ń bọ̀. Bí èyí bá jẹ́ òótọ́ tó bí mo ti gbà á, a jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti kọ ẹ̀sùn náà wà lára ibi tó yẹ kí ẹ̀sùn lọ. Àwọn tó ń so ọ̀dá mọ́ àbàwọ́n ojú oòrùn kò mú ẹ̀rí tó tó nǹkan wá.

Gúúsù náà jìyà tirẹ̀. Ọ̀dá ọdún 1982 sí 1983 wọ inú igbó, iná sì jó oko kòkó Ghana lọ rẹpẹtẹ. Omi Akosombo fà débi pé iná mànàmáná ṣọ̀wọ́n. Ní oṣù kìíní ọdún 1983 yẹn gan-an ni ìjọba Nàìjíríà lé àwọn àjèjì tí kò níwèé, tí àwọn ará Ghana pọ̀ jù nínú wọn. Sínú ilẹ̀ tó gbẹ, tó ń jó, tí kò sóúnjẹ ni wọ́n lé wọn padà sí. A ń pe irú báàgì kan ní "Ghana Must Go" nítorí ọ̀rọ̀ náà títí dòní, ó yẹ ká rántí ojú ọ̀run tó wà lókè wọn.

Láti ọdún 1990 wá

Òjò Sahel ti padà wá láti àárín àwọn ọdún 1990, kò sì padà tán. Ó sì ń rọ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ju bó ṣe ń rọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ: Christopher Taylor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwòrán sátẹ́láìtì hàn ní ọdún 2017 pé ìjì òjò tó le jù ní Sahel ti di ìlọ́po mẹ́ta láti ọdún 1982. Ìkún omi ọdún 2012 ní Nàìjíríà pa èèyàn 363, ó lé èèyàn tó ju mílíọ̀nù méjì lọ kúrò nílé. Ti ọdún 2022 pa èèyàn tó ju 600 lọ. NiMet, àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde lọ́dọọdún, ó ń sọ ọjọ́ tí òjò á bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa dá ní ìlú kọ̀ọ̀kan.

Ní ti àwọn ọdún tó ń bọ̀, ọ̀pọ̀ ìṣirò kọ̀ǹpútà ló fẹnu kò pé ìwọ̀-oòrùn Sahel, ìhà Senegal, máa gbẹ sí i, àti pé àárín rẹ̀ àti ìlà-oòrùn rẹ̀ máa rí òjò sí i. Etíkun Guinea, tí Èkó, Ìbàdàn àti Cotonou wà nínú rẹ̀, ni wọn kò tíì fẹnu kò lé lórí: àwọn kan ní òjò ibẹ̀ á pọ̀ sí i, àwọn kan ní á dín.